Ẹ Bi Ẹnjíníà: Ọkọ̀ Oníwíìlì tí Wọ́n Tà ní Pọ́ọ̀nù Kan

Láti ìgbà tí mo ti mẹ́nu ba Waverley lójú ewé yìí lóṣù tó kọjá, ọkọ̀ ojú omi Scotland tí ẹ́ńjìnnì oru ń yí wíìlì ńlá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti fi rìn, lẹ́tà kò jẹ́ kí n sinmi. N kò lè dáhùn gbogbo rẹ̀. Mo ṣa díẹ̀ síbí, mo sì gé àwọn tó gùn jù kúrú. Ẹ̀yin tí ẹ bèèrè nípa jẹnẹrétọ̀, ẹ ṣe sùúrù fún mi, ó di oṣù tó ń bọ̀.

*Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Ẹnjíníà. Ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Glasgow ló mú mi wọ ọkọ̀ Waverley nígbà tí mo lọ kí i. A wọ̀ ọ́ dé Rothesay. Ẹnì kan tó jókòó tì wá ní pọ́ọ̀nù kan péré ni wọ́n ta odidi ọkọ̀ náà nígbà kan. Mo ní irọ́ ni. Ọmọ mi ní òótọ́ ni. Ẹ bá wa dá a. — Ìyá kan, Peckham, London*

Ìyá wa, ọmọ yín ló jàre. Pọ́ọ̀nù kan ni, ọdún 1974 sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe débẹ̀, torí ẹni tó bá gbọ́ “pọ́ọ̀nù kan” nìkan á rò pé ọ̀fẹ́ ni.

Waverley kan ti wà ṣáájú èyí tí ẹ wọ̀. Ọdún 1899 ni wọ́n kan ìyẹn. Nígbà ogun Hítílà, ìjọba gbà á fún iṣẹ́ ogun, wọ́n sì rán an lọ sí Dunkirk ní ilẹ̀ Faransé láti lọ kó àwọn ọmọ ogun tí Jámánì ti há mọ́ etíkun. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 1940, bọ́ǹbù láti ojú ọ̀run bà á, ó sì rì tòun ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé. Iléeṣẹ́ rélùwéè LNER tó ni ín ní kí wọ́n kan òmíràn dípò rẹ̀, orúkọ kan náà ni kí wọ́n sì sọ ọ́.

A. & J. Inglis ló kan tuntun yìí ní Pointhouse, níbi tí odò Kelvin ti wọ odò Clyde ní Glasgow. Gígùn rẹ̀ tó 240 ẹsẹ̀ bàtà, ó ku díẹ̀ kó tó 700 tọ́ọ̀nù, ọ̀pá èéfín méjì ló sì ní. Ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá 1946 ni wọ́n tì í bọ́ sómi. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ tán nígbà náà, irin wọ́n, gbogbo nǹkan wọ́n. Bó ṣe bọ́ sómi yẹn, kò tíì sí ẹ́ńjìnnì nínú rẹ̀. Fífà ni wọ́n fà á lọ sí Greenock ní ìbẹ̀rẹ̀ 1947, ibẹ̀ ni iléeṣẹ́ Rankin & Blackmore ti gbé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n rọ fún un sí i nínú. Ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún náà ló kọ́kọ́ gbé èrò tó sanwó.

Èrò á wọ rélùwéè ní Glasgow, á sọ̀ ní Craigendoran létí omi, Waverley á sì ti máa dúró dè é. Láti ibẹ̀ ó ń lọ sí Lochgoilhead àti Arrochar, nínú àwọn apá òkun tóóró tí òkè gíga dúró tì lọ́tùn-ún lósì. Àwọn mìíràn á sọ̀ ní Arrochar, wọ́n á gba orí ilẹ̀ dé Tarbet, wọ́n á wọ ọkọ̀ mìíràn lórí adágún Lomond, wọ́n á sì fi rélùwéè padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkankọ̀, àwọn ìyàwó wọn, àwọn ọmọ wọn, gbogbo wọn ló ń ṣe é nígbà ìsinmi. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń jẹun: rélùwéè ń kó èrò wá, òun náà ń kó èrò padà fún rélùwéè.

Ní 1948 ìjọba gba gbogbo rélùwéè, ọkọ̀ náà sì bá a lọ. Èédú ni wọ́n ń dá sí bọ́ílà rẹ̀, ìkòkò ńlá tó ń sọ omi di oru fún ẹ́ńjìnnì, títí di 1957 tí wọ́n fi yí i sí epo. Ohun tó wá pa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò. Ẹni tó bá ti ní mọ́tò tirẹ̀, ọkọ̀ tó lè gbé òun àti mọ́tò rẹ̀ kọjá omi ló ń wá. Ẹni tó ti rówó díẹ̀ pamọ́ sì ti ń wọ bàálù lọ sí Spain, níbi tí oòrùn kò ti ní já a kulẹ̀. Ni wọ́n bá ń yọ àwọn ọkọ̀ oníwíìlì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Jeanie Deans lọ ní 1964. Caledonia lọ ní 1969, wọ́n gbé e wá sí London lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, wọ́n so ó mọ́ etí Thames, wọ́n sọ ọ́ di ilé ọtí, iná sì jó o ní 1980. Nígbà tí ìgbà ooru 1973 parí, ó kan Waverley. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Caledonian MacBrayne tó jogún rẹ̀ kò fẹ́ náwó sí i mọ́, wọ́n sì fà á lé ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ oníwíìlì lọ́wọ́, PSPS ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ náà. Pọ́ọ̀nù kan. Èrò àwọn tó tà á ni pé wọn yóò kàn so ó mọ́ ibì kan ni, kí ọmọdé máa wá wò ó.

Wọn kò so ó mọ́ ibì kankan. Wọ́n tọrọ owó kiri, wọ́n fọwọ́ ara wọn ha ìpẹtà, wọ́n kùn ún, nígbà tó di oṣù karùn-ún 1975 ó ti tún gbé èrò. Ibi tí èmi ti ṣí fìlà fún wọn nìyẹn. Ọkọ̀ tí a so mọ́lẹ̀ kò ní ẹni tó ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ń ná, bí béárìnì kan bá gbóná lónìí, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́ ẹnì kan á ti tú u wò, torí èrò ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n fi ìfẹ́ pamọ́ tí ìfẹ́ náà sì jẹ ẹ́ run.

Ìyá wa, pọ́ọ̀nù kan yẹn ni owó tó kéré jù tí ẹnikẹ́ni tíì san lórí Waverley. Ẹ wo bọ́ílà nìkan. Ti àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́ títí di 1981 kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Ní 2000, nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Great Yarmouth fún àtúnṣe ńlá tí owó lọ́tìrì gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n yọ ìyẹn náà, wọ́n fi méjì síbẹ̀. Ní 2019 kò ṣiṣẹ́ rárá, torí méjèèjì yẹn ti gbó. Wọ́n ké gbàjarè sí aráyé fún mílíọ̀nù £2.3, ó sì di oṣù kẹjọ 2020 kí ó tó tún rí èrò gbé. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún yín ní pọ́ọ̀nù kan, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè bọ́ílà.

*Ẹ káàsán sà. Olùkọ́ wa sọ pé sílíńdà mẹ́ta ló wà lára ẹ́ńjìnnì Waverley, pé ọ̀kan kéré, ọ̀kan tóbi, ọ̀kan tóbi jù. Kí ló dé tí wọn kò ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́gbọọgba? — Akẹ́kọ̀ọ́ SS2, Ẹ̀pẹ́*

Ọmọ mi, o kú ìbéèrè. Wo ìkòkò mọ́ínmọ́ín lórí iná. Bí omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti hó, oru á máa ti ọmọrí sókè, ó fẹ́ jáde, ó fẹ́ gbòòrò. Bọ́ílà ni ìkòkò tí wọ́n fi bóòtù de ọmọrí rẹ̀ pa. Oru inú rẹ̀ kò rí ibi gbòòrò sí, ó ń rọ́ mọ́ra, agbára rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i.

Sílíńdà àkọ́kọ́ ni oru náà kọ́kọ́ wọ̀. Ẹnu rẹ̀ kò ju 24 íǹṣì lọ ní fífẹ̀, torí oru ṣì le, kò nílò ibi fífẹ̀ kó tó lè ti písítìn. Bó ṣe ń tì í ni òun fúnra rẹ̀ ń gbòòrò, ó sì ń rọ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì tán nínú rẹ̀. Wọ́n darí rẹ̀ sí sílíńdà kejì, 39 íǹṣì. Agbára tó wà lórí íǹṣì kọ̀ọ̀kan ti dín kù, ojú písítìn náà sì ti fẹ̀ sí i, nítorí náà títì tó ń tì í kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sí ẹ̀kẹta, 62 íǹṣì, níbi tí wọ́n ti fún ìwọ̀nba tó kù jáde lára rẹ̀. Oru kan náà ti ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ká ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba ni, ẹ̀kẹta kò ní rí nǹkan kan tì.

Wọn kò sì ju oru náà nù. Ó wọ inú àpótí kan tí wọ́n to ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ sí, omi òkun tútù ń ṣàn nínú wọn, oru á fara kàn wọ́n, á padà di omi, wọ́n á sì fọ́n ọn padà sínú bọ́ílà. Bọ́ílà kò fẹ́ iyọ̀ òkun, nítorí náà omi gidi tí wọ́n rà ni wọ́n ń lò ní àlòtúnlò. Sọ fún olùkọ́ rẹ pé mo ní ó káre.

Sílíńdà yẹn kò dúró ṣánṣán o. Dídagun ni wọ́n gbé wọn sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, orí wọn kọ sókè síbi tí ọ̀pá irin ńlá kan ti gba inú ọkọ̀ já láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀pá yẹn ni wíìlì wà. Bí písítìn bá lọ tó bá bọ̀, 66 íǹṣì ló ń rìn lọ́nà kan, ìyẹn ga tó ènìyàn. Agbára gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,100 ẹṣin, nígbà tí wọ́n sì dán an wò ní 1947 ó sáré ju knot 18 lọ, ìyẹn bíi kìlómítà 33 ní wákàtí kan.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé wọn kò fi ẹ́ńjìnnì yìí pamọ́. Ọ̀nà tí èrò ń gbà kọjá nínú ọkọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, irin ìgbáralé nìkan ló wà láàárín. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ ní Glasgow, ibẹ̀ ni mò ń dúró sí títí ọkọ̀ á fi débi tó ń lọ, òkè àti omi tí àwọn tó kù torí rẹ̀ wá kò kàn mí. Ọ̀pá irin tó nípọn ju itan lọ ń jáde, ó ń wọlé, epo ń dán lára rẹ̀. Ooru ń bọ̀ lójú rẹ pẹ̀lú òórùn epo gbígbóná. Ẹnjíníà kan dúró láàárín wọn pẹ̀lú agolo epo, ó ń na ọwọ́ sí irin tó ń yí yẹn, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ bà á fẹ́ẹ́ bó ṣe ń kọjá. Ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ ni. Bó bá ṣì ọwọ́ na díẹ̀ báyìí, kò ní ọwọ́ mọ́. Mo bi ọ̀gá mi léèrè bóyá wọ́n máa kọ́ wa nìyẹn. Ó ní wọn kì í kọ́ ọ, ó ní ojú ló ń kọ́ ọ.

Ọ̀gá atukọ̀ tó wà lókè kò lè fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì yẹn. Aago ló fi ń bá ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀: á yí ọwọ́ aago sí “síwájú díẹ̀díẹ̀” tàbí “dúró” tàbí “padà sẹ́yìn”, aago á dún nísàlẹ̀, ẹnjíníà á yí tirẹ̀ láti fi hàn pé òun gbọ́, kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sún mọ́ èbúté, aago yẹn kì í sinmi.

*Ọ̀gá, pùròpélà ti wà tipẹ́. Kí ló wá dé tí àwọn òyìnbó tún lọ kan ọkọ̀ oníwíìlì ní 1946? — Mẹkáníìkì, Abẹ́òkúta*

Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ ò purọ́. Lórí òkun gbalasa, pùròpélà ti borí wíìlì tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tó wà níwájú ọkọ̀ yìí. Èbúté kéékèèké pọ̀ ní Clyde, wọ́n sún mọ́ra, omi àwọn mìíràn kò jìn. Ọkọ̀ ní láti sáré dé, kó dúró kíá, kó já èrò, kó gbé, kó tún gbéra. Wíìlì máa ń di omi mú dáadáa, bí wọ́n bá sì yí i padà sẹ́yìn, ọkọ̀ á dúró ní ìwọ̀nba ibi díẹ̀. Kò tún nílò kí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ rì jìn. Ara Clyde sì mọ̀ ọ́n: ibẹ̀ ni ọkọ̀ Comet ti Henry Bell ti ń fi wíìlì gbé èrò láti 1812.

Wíìlì kọ̀ọ̀kan ní pátákó igi mẹ́jọ, pátákó náà kò sì dúró gbagidi. Irin kéékèèké kan so wọ́n mọ́ ibì kan tí kò sí ní àárín gbùngbùn wíìlì, òun ló ń yí ọrùn pátákó kọ̀ọ̀kan bí wíìlì ṣe ń yí, kí ó lè wọ omi ní ìdúró, kó tì í sẹ́yìn, kó jáde ní ìdúró. Láìsí ìyẹn, pátákó á máa gbá omi ní ìbẹ̀rẹ̀, á máa gbé omi sókè lẹ́yìn, agbára á ṣòfò.

Àbùkù rẹ̀ nìyí: ọ̀pá kan náà ló so wíìlì méjèèjì pọ̀. Wọn kò lè yí ọ̀kan síwájú kí wọ́n yí èkejì sẹ́yìn láti fi darí ọkọ̀, bí katapílà ṣe ń ṣe. Ìtọ́kọ̀ ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, bí eré bá sì ti dín kù ìtọ́kọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn. Ẹni tó bá mú Waverley kan èbúté nínú afẹ́fẹ́ líle láìha á lára, awakọ̀ ni.

*Ṣé ewu kò sí? Wọ́n ní ó gun àpáta. — Ìyàwó ilé, Ìlọrin*

Ó gun ún. Ọjọ́ 15 oṣù keje 1977, àwọn àpáta Gantocks lẹ́bàá Dunoon. Wọ́n kó gbogbo èrò kúrò, wọ́n dí ihò rẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án 2020 ó tún forí gbá èbúté ní Brodick, àwọn kan fara pa. Ọkọ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1947 kò lè má ní ọgbẹ́ lára. Àwọn aláṣẹ ojú omi ń yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó jẹ́ kó gbé èrò lọ́dọọdún. Èmi á wọ̀ ọ́ lọ́la.

*Ẹnjíníà, ọkọ̀ Aureol ni mo wọ̀ láti Àpápá lọ sí Liverpool ní 1962, nígbà tí mo ń lọ kàwé. Ṣé irú kan náà ni pẹ̀lú Waverley tí ẹ ń sọ yìí? — Àgbàlagbà kan, Bódìjà, Ìbàdàn*

Bàbá wa, ẹ kú ọjọ́ pípẹ́. Rárá o, wọn kì í ṣe irú kan náà, ṣùgbọ́n ìlú kan náà ni wọ́n ti wá. Iléeṣẹ́ Alexander Stephen ló kan Aureol ní Linthouse ní Glasgow, ó bọ́ sómi ní 1951. Òdìkejì odò sí Pointhouse tí wọ́n ti kan Waverley ni Linthouse wà, kò sì jìnnà. Aureol tóbi jù ú lọ fíìfíì, bíi 14,000 tọ́ọ̀nù, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ló ń lò, pùròpélà méjì ló sì ní. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Elder Dempster ló ni ín, orí òkè Aureol ní Freetown ni wọ́n sì ti mú orúkọ rẹ̀. Ẹ ó rántí pé ẹ dúró ní Freetown.

Ẹ wò ó ná. Ọdún 1974 tí Waverley bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ ní pọ́ọ̀nù kan náà ni Elder Dempster ta Aureol fún ará Gíríìsì kan. Bàálù ló gba iṣẹ́ tirẹ̀. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí Marianna VI, wọ́n gbé e lọ sí etíkun Saudi Arabia, ó di ibùgbé òṣìṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò gbé arìnrìn-àjò mọ́. Ní 2001 wọ́n gbé e lọ sí Alang ní Íńdíà, wọ́n tú u palẹ̀. Àìmọye ọmọ wa ló kọ́kọ́ rí ẹ̀wù òtútù nínú ọkọ̀ yẹn. Kò sí ẹgbẹ́ kankan ní Èkó tàbí Liverpool tó mú pọ́ọ̀nù kan jáde. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ọkọ̀ 14,000 tọ́ọ̀nù kò ṣeé fi ọrẹ bọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní fọ́tò tí ẹ yà lórí rẹ̀, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìwé ìròyìn yìí. A ó dá a padà.

*Mo fẹ́ mú àwọn ọmọ mi lọ wọ̀ ọ́. Manchester ni à ń gbé. Ìmọ̀ràn wo lẹ ní fún mi? — Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta*

Ìgbà ooru tiwọn lọ́hùn-ún, láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹjọ, ni kí ẹ lọ. Clyde ló ti ń ṣiṣẹ́ púpọ̀ jù nígbà yẹn, ó tún máa ń lọ sí Bristol Channel àti gúúsù Gẹ̀ẹ́sì, ó sì máa ń gba abẹ́ Tower Bridge wọ London bí ọdún bá ti ń rọ̀ lọ. Ẹ wo ìwé ètò rẹ̀ kí ẹ tó gbéra, torí ìjì lè yí gbogbo rẹ̀ padà. Ọkọ̀ oníwíìlì tó ṣì ń gbé èrò lójú òkun kò ju òun nìkan lọ mọ́ láyé, nítorí náà ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ mú ẹ̀wù òtútù dání, kódà bí oòrùn bá ń ràn. Afẹ́fẹ́ Clyde kò mọ oṣù keje.

Bí ọkọ̀ bá ti ń sún mọ́ èbúté, gbogbo èrò á fẹ́ rọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí èbúté wà. Ẹ má bá wọn lọ. Bí èrò bá pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọkọ̀ á tẹ̀ síbẹ̀, wíìlì ẹ̀gbẹ́ yẹn á rì jìn ju èkejì lọ, á sì máa fa imú ọkọ̀ síbi tí atukọ̀ kò fẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ kó àwọn ọmọ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n gbọ́ aago, kí wọ́n rí bí irin ńlá yẹn ṣe ń dúró tó tún ń yí padà sẹ́yìn. Ẹ di ọwọ́ èyí tó kéré jù mú.

Ìyàwó yín ńkọ́? Láyé àtijọ́, bí ọkùnrin ará Glasgow bá sọ fún ìyàwó rẹ̀ nínú ọkọ̀ pé òun ń lọ wo ẹ́ńjìnnì, ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí ló ń lọ. Ẹ mú ìyàwó yín dání.